Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Orí Òkè

Ẹni tó bá fẹ́ kó ní irọ́ ni mò ń pa. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, mi ò sì sùn. Ọ̀sán gangan ni. Mo ti fọwọ́ lé Kùránì sọ ọ́ fún aáfà wa ní Ìkòròdú, ó kàn ń mi orí ni.

Kí a tó gbòmìnira ni. Kúùkù ni mí nínú ọkọ̀ òkun tó ń ná Àpápá sí ilẹ̀ òyìnbó.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bùràímọ̀, ọkọ̀ ló ń kàn ní Ẹ̀pẹ́. Bó bá ti kàn án tán, á fi ọ̀bẹ fá ìlà mẹ́ta sí imú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Lọ́dún tó ṣáájú, ọkọ̀ tó wọ̀ bọ̀ wá sí Èbúté Ìkòròdú dojú dé lójú ọ̀sà. Wọ́n rí òkú àwọn yòókù. A ò rí tiẹ̀.

Ràmátù ìyàwó rẹ̀ ṣe opó parí. Lẹ́tà bàbá wa bá mi ní Àpápá kí a tó ṣí: bí mo bá ti dé, kí n wá ṣú u lópó. Kí n má tàn yín, inú mi dùn. Obìnrin náà ti wù mí tipẹ́, ojú sì ń tì mí.

A gúnlẹ̀ sí ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Faransé. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lórí òkè níbẹ̀, òkìkí rẹ̀ kàn láàárín àwa ará ọkọ̀. Mùsùlùmí ni mí, kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ẹlẹgbẹ́ mi kan, ará Kàlàbá, ló ní ká lọ wòran.

Ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi igi gbẹ́ ni wọ́n so rọ̀ lókè. Àwọn tí òkun dá sí ló ń fi wọ́n dúpẹ́. Ọkọ̀ òyìnbó ni gbogbo wọn, àfi ọ̀kan. Ọkọ̀ ọ̀sà wa ni. Mo na ọrùn wò ó. Ìlà mẹ́ta wà ní imú rẹ̀.

Òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá gba imú mi, mo yíjú. Bùràímọ̀ ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rún igi lórí itan rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, òun ni. Àpá àáké àtijọ́ wà ní àtàǹpàkò rẹ̀.

"Àbúrò," ó rọra sọ ọ́, "ṣé Ràmátù wà dáadáa?"

"Ó wà, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ní kí n wá ṣú u lópó, torí a ò rí yín."

Kò bínú. Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé. "Sọ fún un kó dúró dè mí."

Ẹ wá wo àṣìṣe mi. Àtìgbà tí mo ti rí i, mi ò tíì kí i. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àbí? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fàyà lélẹ̀ lórí òkúta tútù. Nígbà tí màá fi gbójú sókè, bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Ẹ̀rún igi méjì ló kù nílẹ̀. Ará Kàlàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹnì kankan ò kọjá lára òun.

Ṣé àkúdàáyà ni? Àbí ọkọ̀ kan ló yọ ọ́ nínú omi, tó gbé e lọ? Bó bá wà láàyè, kí ló dé tí kò wálé? Bó bá ti kú, ibo ni Ràmátù yóò ti dúró dè é? Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi, títí dòní.

Mo délé, mo lanu láti jíṣẹ́. Mo wo ojú Ràmátù, mo pa ẹnu dé. Mo ṣú u lópó. A ti bímọ mẹ́ta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó pè mí. Ọkọ̀ igi kékeré kan ló mú dání, ìlà mẹ́ta ní imú rẹ̀.

"Ẹ wò ó, ta ló gbẹ́ èyí?"

Mo ní mi ò mọ̀. Kò bi mí mọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, lọ́sàn-án, Èbúté ló ń lọ jókòó sí, tó ń wo omi.

Bí ẹ bá wà nílẹ̀ òkèèrè tí ẹ pàdé èèyàn yín tó ti kú, ẹ má tíì dọ̀bálẹ̀. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú ná. Bó bá sì rán yín níṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ẹ.