Etí Kọ́, Imú Ni

Ìtàn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Bàbá Káfíńtà ni ti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí. Ọmọ yìí, tí ilẹ̀ títà ti sọ di ọlọ́rọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ mú bàbá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ rẹ̀ wá sínú ilé ńlá rẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí bàbá ti ń ráhùn pé, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́." Ọmọ rò pé etí rẹ̀ ti di, ó gbé e lọ bá dókítà.

Dókítà yọ́ dé ẹ̀yìn bàbá, ó rọra sọ pé, "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́. Mo tún gbọ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń bú ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Kí wá lẹ ò gbọ́?"

"Òórùn! Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ etí? Ilé ọmọ mi ò ní òórùn kankan!"

Ó dun ọmọ wọra. Kò fẹ́ ju kí bàbá òun wo ilé náà kó ní ó dára.

Ṣùgbọ́n imú ni bàbá fi ń jayé. Nígbà tó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, á gbé ife tíì sábẹ́ imú títí tíì á fi tutù, àwọn tó wá gba ilẹ̀kùn tó kàn fún wọn á dúró, á ní, "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ tán ná." Ọmọ ní tirẹ̀ pààrọ̀ àga pálọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan.

"Bàbá, èyí náà ò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ṣé o ti jókòó lé e rí?"

Ọmọ ronú títí. Kò tíì jókòó síbẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, bàbá lọ di èérún pákó sínú àpò ní ṣọ́ọ̀bù, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbá a dànù, bàbá tún di òmíràn wá.

"Bàbá, ìdọ̀tí lèyí o!"

"Ìyàwó mi, òórùn tìrẹ tó wà nínú ìgò ńkọ́?"

Ẹ̀rín pa obìnrin náà, kò gbá a mọ́.

Ọmọ bẹ bàbá títí kó jẹ́ kí òun ta ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. "Ìwọ náà á gbọ́ lọ́jọ́ kan," ohun tó máa ń sọ nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọmọ mú ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù lọ síbẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn. Òórùn pákó, gúlúù àti tíì àtijọ́ kún imú rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí bàbá rẹ̀, ó sì dijú. Àárò bàbá sọ ọ́ gan-an.

Ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù ké láti ìta pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Ẹ máa lọ sílé," ni ọmọ wí. "Bàbá mi ni mò ń gbọ́."