Ara Odalie Le Nígbà Mọ́kànlá

Ẹ̀kọ́ ilé pa Odalie Guidroz lára ju ọkọ̀ tó kọ lù ú lọ.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, alásè ilé ìwé ní ìlú wa ní Louisiana. Bí ilé bá ń jó lé wa lórí níbí, tí aládùúgbò bá béèrè àlàáfíà, "Ara le, a dúpẹ́" la ó fi dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tó ń kó yìnyín gbá ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn níbi tó ti dúró de iná pupa ojú títì. Iṣan èjìká ọ̀tún rẹ̀ já. Kò lè gbé ìkòkò ọbẹ̀ gọ́mbò mọ́, kò lè yarun. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, iṣẹ́ abẹ ọ̀hún sì kọjá agbára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ yẹn ló yẹ kó sanwó.

Ọkùnrin kan níbẹ̀ ń pè é lórí fóònù.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́?"

Ìgbà mọ́kànlá ló pè, ìgbà mọ́kànlá ni ara Odalie le. Wọ́n sì ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àwọn aláìnítìjú.

Lọ́yà rẹ̀, Alcide Robichaux, ẹni tí àwòrán ojú rẹ̀ tóbi ju ilé lọ lórí pátákó ìpolówó létí títì, káwọ́ lérí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ ọ.

"Màmá, ṣé ara le?"

"Ara le, a dú—"

"Màmá."

"Ó ń dùn mí. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ní kóòtù, Pruitt Hale, lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà, fi ẹ̀rọ gbé ohùn mọ́kànlá yẹn sétí àwọn ará ìlú méjìlá tí yóò dá ẹjọ́. Ara le. Ara le. Ó ní kí ni ẹni tí ara rẹ̀ le tó báyìí fẹ́ fi owó gbà-má-bínú ṣe? Ojú ti Odalie. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ.

Bí Pruitt ṣe ń yan padà sí àyè rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ wáyà ẹ̀rọ náà. Ó fẹnu gbálẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ kan yí lọ sábẹ́ tábìlì adájọ́.

Odalie ló kọ́kọ́ dìde. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé ara le?"

Ọmọ ìlú wa ni Pruitt, ìyá rẹ̀ náà tọ́ ọ. Ó nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀.

"Ara le, a dúpẹ́ mà."

Akọ̀wé kóòtù kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn méjìlá wo eyín, wọ́n wo Odalie. Robichaux ní òun ò ní ọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà sanwó iṣẹ́ abẹ, tí èjìká sì jinná tán, Odalie fi ọwọ́ ọ̀tún gbé gọ́mbò lọ fún Pruitt. Ó ní kó rọra jẹ ẹ́, nítorí eyín.