Dókítà Ọmọ́yẹlé àti Ìwé Mẹ́rìnlá Ìyá Akọ̀wé

Bí ẹ bá béèrè ní ilé ìwòsàn tó gbà á síṣẹ́ ní Àkúrẹ́, wọ́n á sọ fún yín pé àgbà dókítà àìsàn ọpọlọ ni Àbáyọ̀mí Ọmọ́yẹlé, pé ó ti kọ ìwé ìwádìí mọ́kàndínlógún, pé ó ti bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ nílẹ̀ òkèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọn kò ní sọ ni pé èyí tó lókìkí jù nínú mọ́kàndínlógún náà, obìnrin kan tí kò kà kọjá ìwé mẹ́fà ló ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀.

Ọmọ Odode ní Ìdànrè ni dókítà. Owó kòkó bàbá rẹ̀ ló rán an lọ sí yunifásítì. Nígbà tó yan ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ, Dókítà Wèrè ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. “Gbogbo wọn ti wà ní London báyìí,” ó wí fún mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní torí ẹ̀gbọ́n òun lòun ṣe yàn án, ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so mọ́lẹ̀ lóko títí tó fi kú. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ẹbí. Òótọ́ ni.

Ní 2015, ó ṣí kílíníìkì oníyàrá kan sí Odode, Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ lóṣooṣù. Fún oṣù márùn-ún, ènìyàn mẹ́rin péré ló wá. Ọ̀dọ̀ àwọn Aládùúrà ni àwọn aláìsàn wà, ó sì tọ̀ wọ́n lọ síbẹ̀. Níbẹ̀ ló ti pàdé Àdùnní Ọ̀ṣúndé, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Ìyá Akọ̀wé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ ìran sílẹ̀: ta ló rí i, kí ló rí, lọ́jọ́ wo. Ṣùgbọ́n láti 1998 ló ti ń kọ nǹkan mìíràn mọ́ ọn, tí ẹnikẹ́ni kò rán an: ọjọ́ tí wọ́n mú aláìsàn dé, ọjọ́ tó sùn dáadáa, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ọjọ́ tí àìsàn padà. Ìwé mẹ́rìnlá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni dókítà fi kà wọ́n. Ó rí i pé ẹni tó bá ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ a máa pa oògùn tì pẹ̀lú oúnjẹ; kí oṣù tó parí, àìsàn a ti padà. Kí dókítà tó dé rárá, Ìyá Akọ̀wé ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo irú rẹ̀. Òun náà ló lọ bá wòlíì ìjọ títí wòlíì fi gbà pé oògùn àti omi ìwọ̀nba kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Láàárín ọdún méjì, iye àwọn tí àìsàn ń padà sí lára dín sí ìdajì.

Ìwé ìwádìí tí dókítà fi àkọsílẹ̀ Ìyá kọ jáde ní 2019. Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Akọ̀wé ti béèrè: kí orúkọ òun wà níbẹ̀. Dókítà gbà. Orúkọ márùn-ún ló jáde, ti Ìyá kò sí níbẹ̀. Wọ́n kàn kọ ọ́ pé “àkọsílẹ̀ ilé àdúrà kan”. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà kò tíì dé Ìdànrè rí. Dókítà ní àwọn olóòtú ló yọ orúkọ Ìyá. Mo ní kó fi lẹ́tà wọn hàn mí. Ó ní ó ti sọnù.

Lọ́dún yìí, àwọn tó ń fi oògùn ránṣẹ́ sí kílíníìkì sọ pé bí kò bá sí ìwádìí tuntun, oògùn máa dópin lóṣù kẹjọ. Kò sì lè sí ìwádìí tuntun láìsí ohun tí Ìyá ti kọ láti ìgbà náà. Mo tẹ̀lé dókítà lọ bẹ̀ ẹ́. Nínú ọkọ̀, ó fi fọ́ọ̀mù ìwádìí tuntun tó ti fi ránṣẹ́ hàn mí: orúkọ mẹ́rin.

“Ẹ káàsán, Mà,” dókítà kí Ìyá nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Káàbọ̀, Àbáyọ̀mí. O ti sanra sí i. Ìwé yẹn ń bọ́ ọ.”

Ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. “Mà, ẹ má wo tèmi. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ló ń gba oògùn níbẹ̀.”

“Mo mọ iye wọn. Èmi ni mo ń kọ orúkọ wọn.” Ó gbé ojú sókè. “Èyí tí o fẹ́ ṣe báyìí, ṣé orúkọ mi wà níbẹ̀?”

Dókítà wò mí, ó sì wo ilẹ̀. “Mo ti fi ránṣẹ́, Mà. A ṣì lè tún un ṣe.”

“O fi ránṣẹ́ tán kí o tó wá bẹ̀ mí.” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. “Ti àkọ́kọ́, mo ní o gbàgbé ni. Dìde, kí aṣọ rẹ má dọ̀tí.”

Kò fún un ní ìwé kankan. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, mo béèrè bóyá àwọn olóòtú ló ní kó yọ orúkọ kúrò nínú èyí náà.

“Ìwọ náà lọ yunifásítì,” ó wí. “Bí wọ́n bá rí oníwèé mẹ́fà láàárín wa, wọ́n á ní irú ìwádìí wo lèyí?”

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ ni wọ́n ti kílíníìkì náà. Nọ́ọ̀sì fún oníkálukú ní oògùn oṣù méjì. Hàfsátù, tí òun àti ọkọ rẹ̀ Akin wá láti Ìrágbìjí láti ṣiṣẹ́ lóko kòkó, dúró láti gba oògùn Akin títí ó fi kàn án. Dókítà kọ àdírẹ́sì ilé ìwòsàn Àkúrẹ́ lédè Òyìnbó, ó nà án sí i.

“Akin kì í wọ ọkọ̀, Dókítà. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá síbí.”

“Kó gbìyànjú.”

Hàfsátù wo ìwé náà, ó dá a padà fún un. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Yorùbá kọ ọ́ fún mi, sà. Ìyá Akọ̀wé ni yóò kà á fún mi.”

Dókítà mú bírò, ó sì tún un kọ.