Aṣọ Tí Kò Wọ Ẹ̀rọ

Ilé Adéyẹmí ní Alákìá kì í ṣófo, síbẹ̀ Àbíkẹ́ kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá Adéyẹmí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní abúlé Ìrókò, tí àwọn àna pín oko mọ́ ọn lójú, Adéyẹmí fi mọ́tò lọ gbé e wá. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló yìn ín. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí obìnrin náà ń ṣe nílé rẹ̀. Aṣọ ló ń fọ̀.

Ní ọdún 1965, ẹ̀rọ kan tó ń mú aṣọ gbẹ dé láti ìlú òyìnbó. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, wọ́n lu ògiri kí ooru rẹ̀ lè máa gba ihò jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Títíladé, ìyàwó Adéyẹmí, fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han Àbíkẹ́. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀.

"Ìyá Ìrókò, ẹ má bínú o. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ tiyín bá tàwọn ọmọ pọ̀ nínú rẹ̀. Ara wọn ò gba nǹkan."

"Mo gbọ́, ìyàwó."

Ìkúnlẹ̀ náà dára. Wọ́n kọ́ Títíladé lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Òjò oṣù Òkúdù dé, oòrùn kò yọ. Ìró méjì péré ni Àbíkẹ́ ní. Ní Ìrókò, àjà orí ààrò ni wọ́n ń sá aṣọ sí lásìkò òjò, ṣùgbọ́n ilé ìdáná yìí kò ní àjà. Ó rí i pé ooru ń jáde lẹ́nu ihò lásán. Ó kan ìṣó méjì mọ́ ògiri, ó fi ìró tútù kọ́ ibẹ̀. Nígbà tó ró o, ó gbóná bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ fún un. Ó jókòó jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ooru náà má baà tètè lọ.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni aṣọ àwọn ọmọ ti ń jáde pẹ̀lú ọ̀rinrin. Múyì, àbígbẹ̀yìn wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Wọ́n pe Àrẹ̀mú, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Bí àlejò bá ń bọ̀, Àbíkẹ́ a ká ìró rẹ̀ tó ti gbó kúrò lára ògiri, kí ojú má baà ti ọmọ àbúrò rẹ̀. Àrẹ̀mú gbọn òwú inú asẹ́ ẹ̀rọ dànù, ó wo bẹ́líìtì, ó tan án. Aṣọ gbẹ kárakára.

"Ọ̀gá, kò sóhun tó ṣe é. Àfi kẹ́ ẹ yẹ ẹni tó ń lò ó wò!" Ó rẹ́rìn-ín.

Adéyẹmí kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá," ló wí nírọ̀lẹ́, "ó jọ pé iṣẹ́ yìí ti ju agbára yín lọ. Tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, màá gbé yín padà sí Ìrókò, kẹ́ ẹ lọ sinmi."

"Ta ló wà ńbẹ̀, Àkànní?" Àbíkẹ́ fi oríkì rẹ̀ pè é.

Adéyẹmí ti padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀.

Àbíkẹ́ wá ń fún aṣọ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó dín aṣọ tó ń kó sínú ẹ̀rọ kù. Ó ń gbọn asẹ́. Gbogbo ibi ló wò, àyàfi ẹ̀yìn ògiri.

Lọ́jọ́ kan, Àrẹ̀mú gba ẹ̀yìnkùlé kọjá lọ sí ilé kejì, ó rí ìró lẹ́nu ihò.

"Háà! Ìyá, ẹ̀yin lẹ dí ẹ̀rọ lẹ́nu! Ooru olómi ò ríbi jáde, báwo laṣọ á ṣe gbẹ?"

Àbíkẹ́ já ìró náà, ó ká a mọ́ àyà. "Má pè wọ́n, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́."

Àrẹ̀mú pè wọ́n. Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ wẹ̀ mọ́.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ibí lẹ sá a sí?" ni Adéyẹmí béèrè.

Àbíkẹ́ wo Títíladé. Títíladé wo ilẹ̀.

"Tèmi náà tutù ni."

Kò mẹ́nu ba ìkìlọ̀ Títíladé. Títíladé padà wọlé.

Wọn kò dá a padà sí Ìrókò. Àánú wọn nìyẹn. Wọ́n yọ ìṣó méjèèjì, wọ́n sì kan àgò wáyà bo ẹnu ihò, kí aṣọ kankan má lè sún mọ́ ọn mọ́. Aṣọ àwọn ọmọ ń gbẹ. Ikọ́ Múyì lọ.

Òjò kò dá títí di oṣù Ọ̀wàrà. Àbíkẹ́ a ró ìró tútù lọ sùn, kí ooru ara rẹ̀ lè mú un gbẹ kílẹ̀ tó mọ́. Kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ.