Irin Ìlọṣọ Mi àti Ògiri Ìyá Ọkọ Mi

Irin ìlọṣọ ni ó kọ́kọ́ sọ mí di ọ̀daràn nílé ọkọ. Ìyá mi ni ó fi kún ẹrù ìyàwó tí mo gbé láti Àjàṣẹ́ wá sí Kétu, irin oníkúrà tó ń lo iná mànàmáná, tó ń dán, tí okùn rẹ̀ gùn. Àkókò Rẹfolúsíọ̀n ni, tí ìjọba ológun ní àwọn ń yí ìlú padà, gbogbo ènìyàn ni kámárádì, kúrà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àdúgbò wa ni. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ìpàdé wọn máa ń bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n lè rí ènìyàn kó jọ, ó sì gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tó gún régé lọ.

Nítorí náà, ní ọ̀sán tí ọjà bá ku ọ̀la, n óò tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, n óò ki okùn irin bọ príìsì, ihò kúrà tó wà lára ògiri. Kó tó gbóná dáadáa, a óò gbọ́ "tàk!" lẹ́nu ọ̀nà. Dísjóntẹ̀ ti já nìyẹn, àpótí kékeré tó ń pa iná gbogbo ilé bí nǹkan kan bá ṣe kúrà. Rédíò bàbá ọkọ mi yóò dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀.

"Ìyàwó," Bàbá yóò wí, "irin rẹ ti tún jẹ kúrà gbogbo wa."

Ọkọ mi, tó ń sọ ní ìpàdé pé àwọn yóò yí ayé padà, kò mọ ohun tí a ń yí nínú àpótí náà. Yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò ká ọwọ́ sẹ́yìn, yóò ní irin mi ló wúwo jù fún kúrà Kétu. Inú máa ń bí mi. Irú irin yẹn ni ìyá mi ń lò ní Àjàṣẹ́, tàk kan kò dún rí.

Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Bàbá ní kí n dì í, kí ọkọ̀ àárọ̀ ọjà tó tẹ̀lé ti ọ̀la gbé e padà fún ìyá mi. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣe mí lóore. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan nínú ẹrù ìyàwó bá padà sílé, àwọn ẹbí mi kò ní béèrè ọ̀rọ̀ kúrà. Wọn yóò ní ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí. Mo di irin náà sínú páálí, mo fi okùn so ó.

Ọ̀sán tí ọjà tún ku ọ̀la, èmi àti ìyá ọkọ mi nìkan ló wà nílé. Ìyá ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí kì í yẹ̀. Ní irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀, kí àlejò ọjà tó dé, yóò se èèpo èso igi igbá, igi tí a ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú, yóò fi omi pupa rẹ̀ kun ògiri amọ̀ yíká. Ó ń mú ògiri le, ó sì ń mú un dán. Mo jókòó ti páálí mi, mò ń gbọ́ ìró àkísà rẹ̀ lára ògiri. Lójijì: tàk!

Mo wo páálí mi. Okùn ṣì wà lára rẹ̀. Mo wo ògiri. Omi pupa ń ṣàn wọ ihò príìsì bí ìgbà tí a bá ń rọ ọmọ lágbo.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ìyàwó tí kò tíì pé oṣù méjì nílé kì í la ẹnu sọ fún ìyá ọkọ pé òun ló ń pa iná. Bí mo bá sì dákẹ́, irin mi yóò wọ ọkọ̀ lọ́la. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Àbọ̀ ọ̀hún ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá kiri.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ yín."

Inú rẹ̀ dùn, ó gbé àkísà fún mi. Mo fi ìborùn mi nu príìsì gbẹ, mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, mo wá kun ògiri tó kù. Ṣùgbọ́n mo fi àyè gbígbẹ tó fẹ̀ tó abọ́ ọbẹ̀ sílẹ̀ yí príìsì ká.

Ìyá wò ó. "Ìyàwó, kí ló dé tí o fá ògiri mi lórí apá kan?"

"Ibẹ̀ ni kúrà ń gbà jáde, Ìyá. Mi ò fẹ́ kí omi bá a níbẹ̀."

Ó wo àkísà, ó wo dísjóntẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Nígbà tí ògiri gbẹ, ó ní kí n gbé ọwọ́ dísjóntẹ̀ sókè. Mo gbé e, ó dúró.

"Tú irin rẹ."

Mo tú páálí, mo ki okùn bọ ògiri. Irin gbóná. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, mo lọ èkejì, tàk kankan kò dún.

Mo rò pé yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sáàárín wa. Èyí náà ì bá tó mi. Ṣùgbọ́n Bàbá àti ọkọ mi kò tíì bọ́ bàtà tí Ìyá fi ní, "Irin ìyàwó mi kò lọ síbì kankan. Èmi ni mo ń fi omi ògiri pa iná láti ọjọ́ yìí." Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Ọkọ mi ní òun ti fura tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ó ku àwa méjì nídìí ààrò, Ìyá bi mí pé, "Ká ní n kò béèrè ọ̀rọ̀ ògiri, ṣé wàá jẹ́ kí wọ́n gbé irin rẹ lọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ń ro ọkà lọ. "Ọmọ tí mo bí ì bá ti pariwo mọ́ mi. Lọ́jọ́ mìíràn, kí o pariwo."

Mo sunkún, inú mi sì dùn débi pé n kò lè jẹun.