Bíbélì Abẹ́ Ìrọ̀rí Ọmọ Tuntun

Inú ṣì ń bí mi, ẹ má bá mi wí. Ìlobù ni mo ti ń bá ọkọ mi gbé, àmọ́ Ìfọ́n ni ìyá mi wà, lọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀. Màmá ò ríran mọ́. Láràárọ̀, kí àbúrò mi tó lọ sóko, ó máa ń ka orí kan fún wọn nínú Bíbélì tí wọ́n ti ń lò látìgbà tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi.

Mo lọ kí wọn lẹ́yìn tí ìyàwó wa bímọ, tí ìkómọ ti kọjá. Bí mo ṣe kúnlẹ̀, Màmá fà mí lápá, wọ́n ní láti ọjọ́ ìkómọ, ẹnikẹ́ni ò kàwé fún àwọn mọ́. "Ó ti ń sọnù lọ́kàn mi," ni wọ́n wí. "Sáàmù tí mo mọ̀ láti kékeré, mi ò rántí ìparí ẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

Bíbélì dà? Abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ ni mo ti bá a, wọ́n ṣí i sí Sáàmù kọkànléláàádọ́rùn-ún. Mo nawọ́ sí i, ìyàwó wa figbe ta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e! Òun ló ń ṣọ́ ọmọ. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ọmọ á fi jókòó."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n ní! Àbúrò mi wọlé, ó ní kí n má bínú, pé òmíràn wà nínú fóònù òun. Mo ní kó ṣí i kí n rí i. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, kò rí i. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, kíá ló máa ń rí ìyẹn.

Ṣé mo ní kí wọ́n má dáàbò bo ọmọ ni? Àmọ́ wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di tírà! Àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé ládùúgbò ń ka Kùránì tiwọn sókè lójoojúmọ́, mò ń gbọ́ wọn. Àwa wá fi tiwa tẹ́ ìrọ̀rí. Ó dùn mí wọra.

Mo fà á yọ. Ìyàwó wa gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó dijú mọ́ mi. Mo jókòó ti Màmá, mi ò ṣí ibòmíràn, ibi tí wọ́n ṣí i sí náà ni mo kà, mo kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Màmá ń bá mi kà á lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a dé ìparí, ohùn wọn ti lé tèmi bá, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ìyàwó wa ti sún mọ́ wa, tó ń fún ọmọ lọ́mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí mà dáa o," ló wí. "Ibo ló wà nínú Bíbélì?"

Màmá ló dá a lóhùn.

"Abẹ́ orí ọmọ ẹ."