Oríkì Tí Mo Gbé Mì

Àṣàkẹ́. Ọmọ ọ̀sà tó tẹ́ rẹrẹ bí ẹní àlejò. Ọmọ atukọ̀ má da omi rú. Ọmọ ẹja kì í ṣìnà lójú omi, ọmọ afẹja tútù kí àlejò.

Ìyá mi nìyẹn. Mo kọ ọ́ síbí ná kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀ rí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Orúkọ gbogbo ará agbo ilé wa ni mo mọ̀, títí dé ti ọmọ ọwọ́. N kò ní í kọ ọ̀kankan.

Etí ọ̀sà ni wọ́n ti jí i gbé. Wọ́n mú un gba Àgọ́-Ìwòyè wá, bàbá mi sì fi í ṣe aya. Nígbà tí òyìnbó ṣí ọ̀nà, àwọn tí a kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé wọn. Ìyá mi di ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún tú u. "Ta ni yóò jẹ́ kí n mú ọ lọ?" ló wí fún mi.

Ní ilé wa, gbogbo ìyàwó ni í kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyálé láàárọ̀. Ìyálé yóò fi oríkì ilé tí wọ́n ti bí ọ dá ọ lóhùn, ó sì lè kì ọ́ títí orúnkún yóò fi máa ro ọ́, ìwọ kò sì ní í fẹ́ dìde. Bí ó bá kan ìyá mi: "Hẹn. Ìwọ yẹn, ṣé o jí?" Ó tán.

Ìyálé wa kì í ṣe ìkà. Òun ló ń bu ọbẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n aya kì í fi ẹnu ara rẹ̀ ki ara rẹ̀ fún ìyálé. Ará ilé rẹ̀ ló ń gbé oríkì náà wá lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ta ni ìbá gbé ti ìyá mi wá?

Nígbà tí ikọ́ dé sí i láyà, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó kọ́ mi ní oríkì náà níbi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́, títí n kò fi ṣì í mọ́. Ó ní, "Lọ kì í fún Ìyá. Ìwọ ni ará ilé mi."

Mo lọ. Àwọn ọmọ ilé jókòó ti ìyálé, wọ́n ń jẹ iṣu sísun. Ìyàwó kékeré rí mi.

"Ọmọ ará omi dé. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá ìpẹ́ wà níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyálé náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. "Kí ni ìyá rẹ rán ọ, ọmọ mi?"

"Ó ní kí n kí yín, Ìyá."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni, Ìyá."

Wọ́n fún mi ní iṣu. Mo jẹ ẹ́.

"Ṣé o kì í?" ni ìyá mi bi mí.

"Mo kì í."

"O kò fo ti ẹja?"

"N kò fò ó."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fọwọ́ ti ògiri rìn dé ẹnu ọ̀nà ìyálé, ó kúnlẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn òpó.

"Hẹn. Ìwọ yẹn, ikọ́ náà ńkọ́?"

Ìyá mi kò dìde. Ó ń retí. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ó sàn díẹ̀, Ìyá," ó sì padà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Kò lọ kúnlẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, wọ́n sì ní ará omi ti ń gbéraga.

Mo ti di ìyá ọmọ mẹ́ta kí n tó mọ lẹ́tà, ìwé díẹ̀ náà ni mo sì kà. Nísinsìnyí tí mò ń kọ èyí, kò sí ẹnìkan nínú àwọn ará agbo ilé náà láyé tí n lè kà á fún.

Nígbà tí ìyá mi kú, ìyálé jáde sí àgbàlá, ó wò yíká. "A kì í sin ènìyàn bí ẹran. Ta ló mọ oríkì obìnrin yìí?"

Ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Mo wo ẹsẹ̀ mi.

"Ó dára," ló wí.

Wọ́n sin ìyá mi ní ọjọ́ kejì ọjà, lẹ́yìn ilé, kí oòrùn tó mú.